Nọ́ọ̀tì tí wọ́n fi ń ka eré ọkọ̀ ojú omi: ìbéèrè tí ẹ máa ń bi mí àti ìdáhùn wọn

Ẹ kú ilé o. Fisíìsì àti mátíìsì ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ tó ń múra JAMB níbí ní Àkúrẹ́, àwọn tó wá láti ìlú olómi, Ìlàjẹ àti Ẹsẹ̀-Odò, sì máa ń wà láàárín wọn dáadáa. Kò sí sáà kan tí ẹnì kan ò ní bi mí pé kí ló dé tí eré ọkọ̀ ojú omi fi ń jẹ́ nọ́ọ̀tì, kí ló dé tí wọn ò kúkú pè é ní kìlómítà bíi ti mọ́tò. Àwọn òbí náà ti wá ń béèrè báyìí, ni mo bá ní kí n kó gbogbo ẹ̀ jọ sójú kan. Ọ̀rọ̀ yìí dùn mọ́ mi gan-an, torí náà tí ẹ bá rí i pé mo pẹ́ níbì kan, ibẹ̀ ló dùn jù ni.

Kí gan-an ni nọ́ọ̀tì?

Tí ọkọ̀ bá rin máìlì omi kan láàárín wákàtí kan, nọ́ọ̀tì kan ló ń sá. Máìlì omi yàtọ̀ sí máìlì tí a mọ̀ lójú títì o, ti ojú títì jẹ́ bíi 1,609 mítà, ti omi gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ, 1,852 mítà ni, géérégé. Ọkọ̀ tó bá ń sá nọ́ọ̀tì 10, bíi kìlómítà 18 àti ààbọ̀ ló ń rìn ní wákàtí kan.

Ohun tí ọ̀rọ̀ yẹn, knot, jẹ́ nínú Gẹ̀ẹ́sì náà ni kókó, kókó okùn gidi, èyí tí a máa ń ta sí okùn ewúrẹ́ kó má bàa tú. Àwọn kan máa ń rò pé wọ́n kàn ń pa òwe ni. Rárá o. Okùn wà, kókó wà lórí ẹ̀, ọwọ́ àwọn atukọ̀ ló sì ń kà á bó ṣe ń kọjá.

Ẹ jọ̀ọ́ sà, báwo ni èèyàn ṣe máa fi kókó okùn mọ bí ọkọ̀ ṣe ń sáré tó?

Ẹ fara balẹ̀ ka ibí yìí, torí ibí ni gbogbo ọgbọ́n ẹ̀ wà.

Pákó pẹlẹbẹ kan ni wọ́n máa kọ́kọ́ wá, tí wọ́n gé bí ẹni tó pín òbìrìkítì sí mẹ́rin tó mú ìdá kan. Wọ́n á kan òjé mọ́ etí ẹ̀ tó ṣe róbótó kí ìsàlẹ̀ ẹ̀ lè wúwo, tó bá wá bọ́ sómi, ńṣe ló máa dúró lóòró. Igun mẹ́ta ni pákó yìí ní, okùn kéékèèké mẹ́ta ló sì di igun mẹ́tẹ̀ẹ̀ta mú, àwọn okùn yẹn wá pàdé lára okùn gígùn kan, àmọ́ ọ̀kan nínú wọn wà tó jẹ́ pé igi kékeré ni wọ́n fi há a síbẹ̀, tí èèyàn bá já a gbà lójijì, á yọ. Ẹ má gbàgbé igi kékeré yẹn, mo ṣì ń padà bọ̀ lórí ẹ̀.

Okùn gígùn yẹn, wọ́n á ká a mọ́ rólà onígi. Èèyàn mẹ́ta ló máa wá dúró sẹ́yìn ọkọ̀. Ẹnì kan gbé rólà sókè kó lè máa yí fàlàlà, ẹnì kejì di ìgò iyanrìn mú, ìgò olórí méjì yẹn tí ìbàdí ẹ̀ tín-ín-rín tí iyanrìn máa ń gbà sọ̀ kalẹ̀, ẹnì kẹta tó sábà máa ń jẹ́ ọ̀gá ló máa ju pákó sómi. Pákó á bọ́ sómi, omi á gbá a mú, kò ní lè tẹ̀lé ọkọ̀ mọ́, ibi tó bọ́ sí náà ló máa dúró sí. Ọkọ̀ ní tiẹ̀ ń lọ, okùn sì ń tú jáde lára rólà.

Apá ìbẹ̀rẹ̀ okùn yẹn ò ní àmì kankan, torí omi tó wà lẹ́yìn ọkọ̀ gan-an ń ru gùdù, kò ní jẹ́ kí pákó dúró jẹ́ẹ́, wọ́n ní láti jẹ́ kó kọjá ibẹ̀ ná. Ibi tí kíkà ti máa bẹ̀rẹ̀, àkísà ni wọ́n so mọ́ ọn. Bí àkísà yẹn bá ṣe ń gba ọwọ́ ọ̀gá kọjá báyìí, á pariwo pé "Yí i!", onígò á sì yí ìgò ẹ̀ sódì lójú ẹsẹ̀. Iyanrìn ń sọ̀, okùn ń lọ, kókó ń kọjá lọ́wọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí iyanrìn ṣe tán, onígò náà á pariwo pé "Dúró!", ọ̀gá á gbá okùn mú. Iye kókó tó ti kọjá lọ́wọ́ ẹ̀, iye nọ́ọ̀tì tí ọkọ̀ ń sá nìyẹn. Tó bá jẹ́ 6, 6 náà ni. Tó bá bọ́ sí àárín 6 sí 7, wọ́n á fojú díwọ̀n ìyókù.

Nǹkan kan wà lára okùn yìí tó wú mi lórí gidi. Òwú tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n máa ń kì bọ àárín okùn ńlá níbi àmì kọ̀ọ̀kan, wọ́n á wá ta kókó méjì sára òwú tó wà ní àmì kejì, mẹ́ta sí ìkẹta, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Kí nìdí? Nítorí òru ni. Lóru dúdú tí afẹ́fẹ́ ti pa fìtílà, ọ̀gá á kàn fi ọmọ ìka tẹ òwú yẹn ni, á ti mọ iye tó jẹ́ láìríran.

Ó wá ku bí wọ́n ṣe máa fa pákó padà. Tó bá ṣì dúró lóòró, omi ò ní jẹ́ kó ṣeé fà, ọwọ́ á fẹ́ẹ̀ ẹ́ já. Ibi tí igi kékeré yẹn ti wúlò rèé: wọ́n á já okùn gbà lẹ́ẹ̀kan, igi á yọ, pákó á dùbúlẹ̀ sójú omi, wọ́n á sì máa wọ́ ọ bọ̀ wẹ́rẹ́. Wákàtí-wákàtí ni wọ́n ń ṣe gbogbo èyí, lọ́sàn-án àti lóru, nínú òjò àti nínú oòrùn, fún bí ìrìn àjò bá ṣe gùn tó.

Báwo ni kókó tí wọ́n kà láàárín ìṣẹ́jú àáyá bíi mélòó kan ṣe wá di máìlì ní wákàtí kan?

Ìbéèrè ọlọ́gbọ́n nìyí, ẹni tó bá bi mí ní èyí ni mo máa ń mọ̀ pé ó ń ronú.

Àárín kókó kan sí èkejì jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 47 àti ínǹṣì 3, ìyẹn bíi mítà 14.4. Iyanrìn inú ìgò máa ń lo ìṣẹ́jú àáyá 28 kó tó tán. Ẹ jẹ́ ká ṣe é pọ̀. Wákàtí kan ní ìṣẹ́jú àáyá 3,600. Tí ẹ bá fi 28 pín in, ẹ máa rí bíi 128.6. Ẹ wá fi 128.6 yẹn ìlọ́po 14.4, ẹ máa rí bíi 1,852. Máìlì omi kan nìyẹn! Ohun tó túmọ̀ sí ni pé bí 28 ṣe kéré sí wákàtí kan, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni àárín kókó méjì ṣe kéré sí máìlì omi kan. Ìṣirò ti wà nínú okùn kó tó délé ayé, atukọ̀ ò ní ìsọdipúpọ̀ kankan láti ṣe, kò nílò ìwé, kò nílò pẹ́ńsù, ẹni tí kò ka ìwé rí náà lè kà á kó sì tọ̀nà, ohun tó ṣáà máa ṣe ni kó ka kókó. Mo máa ń sọ fún àwọn ọmọ pé ẹni tó bá yé kó tó ṣe irinṣẹ́, ó ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn tó máa lò ó.

Kí ló wá dé tó fi jẹ́ 28, tí kò jẹ́ 30 tó rọrùn láti kà?

30 náà ló wà tẹ́lẹ̀ o. Nígbà àtijọ́, ìgò ìṣẹ́jú àáyá 30 ni wọ́n ń lò, àárín kókó sì jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 42 péré. Wàhálà tó wà ńbẹ̀ ni pé ìṣirò yẹn jáde láti inú èrò pé ayé kéré ju bó ṣe rí lọ, torí náà máìlì tí wọ́n ń lò kúrú jù. Nígbà tó di bíi 1633 sí 1635, Gẹ̀ẹ́sì kan tó ń jẹ́ Richard Norwood wọn ilẹ̀ láti London dé York, ó ń fi ṣéènì wọ̀n ọ́n, níbi tí ṣéènì ò bá ti ṣeé lò, á fi ẹsẹ̀ kà á. Ó gbé ohun tó rí jáde ní 1637: máìlì omi kan yẹ kó jẹ́ bíi ẹsẹ̀ bàtà 6,120. Ti òde òní jẹ́ bíi 6,076, ẹ wo bí ọkùnrin yìí ṣe sún mọ́ ọn tó, pẹ̀lú ṣéènì àti ẹsẹ̀ lásán.

Ó wá hàn gbangba pé okùn ẹsẹ̀ bàtà 42 ń parọ́. Kókó ẹ̀ sún mọ́ra jù, ọkọ̀ á dà bíi pé ó ń sáré ju bó ṣe ń sá lọ. Ọ̀pọ̀ atukọ̀ ò fẹ́ yí okùn wọn padà, wọ́n ní ó sàn kí àwọn rò pé àwọn ti sún mọ́ èbúté nígbà tí ó ṣì jìnnà, ju kí àwọn rò pé ó jìnnà kí ọkọ̀ sì lọ forí sọ àpáta lóru. Èmi gbà pẹ̀lú wọn lórí ìyẹn, torí ẹ̀mí ló wà níbẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ sha, wọ́n fa okùn gùn, wọ́n sì dín iyanrìn kù, títí tó fi bọ́ sí 28 àti ẹsẹ̀ bàtà 47 àti ínǹṣì 3.

Tí ọkọ̀ bá wá ń sáré jù tí okùn fẹ́ tán, wọ́n ní ìgò ìṣẹ́jú àáyá 14 lọ́tọ̀. Iye kókó tí wọ́n bá kà, wọ́n á sọ ọ́ di ìlọ́po méjì.

Níbo ni 1,852 mítà yẹn ti wá? Kí ló dé tí wọn ò kàn lo 2,000 kó rọgbọ?

Inú ayé fúnra ẹ̀ ló ti wá. Ẹ̀yin tó ti ṣe jọ́gíráfì mọ̀ pé wọ́n fi dígírì pín ayé, òbìrìkítì kan jẹ́ dígírì 360, dígírì kan sì tún ní ìṣẹ́jú 60, ìṣẹ́jú ti ìwọ̀n lèyí o, kì í ṣe ti agogo. Tí ẹ bá rìn láti gúúsù lọ sí àríwá débi tí látítíúdì yín, ìyẹn bí ẹ ṣe jìnnà tó sí ìlà tó la ayé láàárín, fi ìṣẹ́jú kan yí padà, máìlì omi kan lẹ rìn. Ìdí tí àwọn atukọ̀ ò fi jẹ́ kó lọ nìyẹn, torí àwòrán ilẹ̀ tí wọ́n ń lò ti ní látítíúdì létí ẹ̀ tẹ́lẹ̀, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ń wọn ọ̀nà, wọn ò nílò rúlà mìíràn.

Ẹ jẹ́ ká gbé e wá sílé. Àkúrẹ́ wà ní bíi dígírì 7 àti ìṣẹ́jú 15 sí àríwá, Igbókòdá wà ní bíi dígírì 6 àti ìṣẹ́jú 21. Ẹ yọ ọ́ kúrò, ìṣẹ́jú 54 ló kù. Ó túmọ̀ sí pé láti Àkúrẹ́ wálẹ̀ dé ìpele Igbókòdá tó bíi máìlì omi 54, tó jẹ́ bíi kìlómítà 100, tí a bá fò ó lọ tààrà sí gúúsù. Ojú títì gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ torí ó ń yí kiri, ẹ̀yin tó ń gba Oǹdó àti Òkìtìpupa kọjá mọ̀ ọ́n. Àmọ́ ẹ wò ó, àwa ò wọn nǹkan kan, látítíúdì nìkan la wò, a sì ti rí ọ̀nà.

Ayé ò róbótó délẹ̀délẹ̀, torí náà ìṣẹ́jú kan ò gùn bákan náà níbi gbogbo, ohun tó jẹ́ kí onílùú kọ̀ọ̀kan máa lo tiẹ̀ nìyẹn. Ìpàdé àwọn onímọ̀ omi òkun tó wáyé ní Monaco ní 1929 ló fẹnu kò sí 1,852 mítà. Amẹ́ríkà gbà á ní 1954, àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbà á ní 1970.

Ìgbà wo ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó?

Ọdún 1574 ni Gẹ̀ẹ́sì kan, William Bourne, kọ bí wọ́n ṣe ń ju pákó àti okùn yìí sómi sínú ìwé kan fún àwọn atukọ̀. Kó tó dìgbà yẹn, ọ̀nà tó wà ni kí ẹnì kan ju èérún igi sómi níwájú ọkọ̀, kí wọ́n ka bó ṣe máa pẹ́ tó kí igi yẹn tó dé ẹ̀yìn ọkọ̀. Àwọn mìíràn kàn ń fojú wo ìfóòfóò omi ni, tí wọ́n á ní "ó ń sáré dáadáa lónìí." Ẹ rántí pé 1472 làwọn Potogí ti dé etíkun wa lápá Èkó, ìyẹn jẹ́ nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún ṣáájú ìwé Bourne. Ojú àti ìrírí ni irú wọn fi ń tukọ̀ nígbà yẹn, bíi tàwọn bàbá wa Ìlàjẹ tó ń fi ìràwọ̀ àti àwọ̀ omi mọ̀nà.

Mo gbọ́ tí oníròyìn kan sọ pé "nọ́ọ̀tì 20 ní wákàtí kan." Ṣé ó tọ̀nà?

Kò tọ̀nà. Wákàtí ti wà nínú nọ́ọ̀tì tẹ́lẹ̀, nọ́ọ̀tì 20 tó. Tí ẹ bá tún fi wákàtí kún un, ẹ ti sọ pé eré ọkọ̀ yẹn ń lé sí i ní wákàtí-wákàtí. Ẹ̀yin ọmọ JAMB, ẹ ṣọ́ra fún un.

Àbúrò mi ní "log in" tí a máa ń ṣe lórí fóònù, inú ọkọ̀ ojú omi ló ti wá. Ṣé irọ́ kọ́?

Irọ́ kọ́ o, àbúrò yín ka ìwé. Èyí gan-an ló yẹ kó dùn mọ́ ẹ̀yin ará Oǹdó jù, torí log ni Gẹ̀ẹ́sì ń pe ìtì gẹdú, àwọn ìtì ńlá tí agbégilódò máa ń kó gba Ọ̀rẹ̀ kọjá tí gbogbo èèyàn á yà fún un lójú títì. Pákó tí wọ́n ń so mọ́ okùn yẹn, igi lásán ni níbẹ̀rẹ̀, ìyẹn ni wọ́n ṣe ń pè é ní log.

Wọ́n bá ń ju log sómi ní wákàtí-wákàtí. Iye tí wọ́n bá kà, wọ́n á fi ṣọ́ọ̀kì kọ ọ́ sára pátákó kan, wọ́n á kọ ibi tí ọkọ̀ dojú kọ àti ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ wá mọ́ ọn, tó bá yá wọ́n á dà á kọ sínú ìwé ńlá. Orúkọ ìwé yẹn wá di lọ́ọ̀gì búùkù. Nínú ìwé yìí ni kápítẹ́ẹ̀nì ti máa rí gbogbo ohun tó ti ṣẹlẹ̀: sípíìdì rèé, wákàtí rèé, kọ́ńpáàsì ní apá ibí la dojú kọ, a jẹ́ pé ibí la wà lórí omi báyìí. Láìrí ilẹ̀ kankan o! Ọ̀pọ̀ ọjọ́ ni wọ́n lè lò lórí agbami tó jẹ́ pé ìwé yẹn nìkan ló ń sọ ibi tí wọ́n wà fún wọn, tí ẹni tó ń ka kókó bá sì ṣe é ní ìmẹ́lẹ́, gbogbo wọn ló máa jìyà ẹ̀.

Bó ṣe di pé ìwé èyíkéyìí tí wọ́n bá ń kọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí ní wákàtí-wákàtí ń jẹ́ lọ́ọ̀gì nìyẹn, ti bàálù, ti jẹnẹrétọ̀, ti ọsibítù. Nígbà tí kọ̀ǹpútà wá dé, láàárín àwọn ọdún 1960, tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń pín ẹ̀rọ kan ṣoṣo lò, ẹni tó bá fẹ́ wọlé gbọ́dọ̀ jẹ́ kí ẹ̀rọ kọ orúkọ ẹ̀ àti àkókò tó dé sílẹ̀, ìyẹn ni log in. Blog náà, inú ẹ̀ ló ti jáde, weblog ni wọ́n ń pè é ní 1997 kí wọ́n tó gé e kúrú. Torí náà nígbàkígbà tí ẹ bá ń tẹ páswọ́ọ̀dù, ìtì igi ló wà nídìí ọ̀rọ̀ yẹn.

Ọmọ Ìlàjẹ ni mí. Tí omi bá ń ṣàn, ṣé nọ́ọ̀tì tí wọ́n kà ṣì máa pé?

Ó máa pé fún omi, kò ní pé fún ilẹ̀. Pákó yẹn, omi ló dì í mú, tí omi bá sì ń ṣàn lọ, pákó ń bá a lọ. Ká ní ọkọ̀ ń sá nọ́ọ̀tì 8 nínú omi, omi wá ń ṣàn bọ̀ wá pàdé ẹ̀ ní nọ́ọ̀tì 2. Okùn á sọ pé 8, àmọ́ ẹni tó jókòó sétí odò tó ń wò ó máa rí i pé 6 péré ló ń rìn. Tó bá wá yíjú padà tó ń bá omi lọ, okùn á tún sọ pé 8, ẹni etí odò á rí 10. Ìrìn máìlì 24, wákàtí mẹ́rin ni lílọ, wákàtí méjì àti ìṣẹ́jú 24 ni bíbọ̀. Ẹ̀yin tó ń wọkọ̀ láti Igbókòdá lọ sí Ayétòrò mọ bó ṣe máa ń rí, epo tó gbé yín lọ lè má tó gbé yín bọ̀ tí omi bá ti yí ọwọ́ padà, ẹ̀rọ ò sì ní ohunkóhun tó ṣe é.

GPS inú fóònù ní tiẹ̀, ilẹ̀ ló ń wò. Ìdí nìyẹn tí ọkọ̀ ńlá fi máa ń ní ẹ̀rọ méjèèjì, ọ̀kan ń ka ti omi, ọ̀kan ń ka ti ilẹ̀, ìyàtọ̀ àárín wọn ló ń jẹ́ kí kápítẹ́ẹ̀nì mọ bí omi ṣe ń ti òun.

Kí ló kan bàálù nínú ọ̀rọ̀ kókó okùn?

Àwọn páìlọ́ọ̀tì àkọ́kọ́ bá àwòrán ilẹ̀ àwọn atukọ̀ àti ọgbọ́n wọn nílẹ̀, wọ́n sì mú un lò. Títí dòní, bàálù tó ń balẹ̀ sí pápákọ̀ òfurufú Àkúrẹ́ níbí, nọ́ọ̀tì ni wọ́n fi ń ka eré ẹ̀ àti afẹ́fẹ́ tó ń fẹ́ lójú ọ̀nà ẹ̀. Bàálù ńlá tó ń fò lókè máa ń sá nǹkan bíi nọ́ọ̀tì 450.

Tí wọ́n bá ní afẹ́fẹ́ jẹ́ nọ́ọ̀tì báyìí-báyìí, báwo ni mo ṣe máa mọ̀ bóyá ó le?

Francis Beaufort, ọ̀gá nínú ológun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì, ló to afẹ́fẹ́ sí ìpele-ìpele ní 1805, ohun tí èèyàn bá fojú rí lójú omi ni wọ́n fi ń dá wọn mọ̀. Láti nọ́ọ̀tì 7 sí 10, orí ìgbì á bẹ̀rẹ̀ sí í funfun lọ́kọ̀ọ̀kan. Láti 11 sí 16, funfun yẹn á ti pọ̀, ọkọ̀ kékeré á ti máa mì. 17 sí 21, omi á máa ta sínú ọkọ̀. Tó bá dé 34 sí 40, ìjì ni wọ́n ń pè é, kò sí ìdí tí ọkọ̀ apẹja fi gbọ́dọ̀ wà níta. Láti 64 lọ sókè ni ìjì líle tó ń wó ilé. Ẹ̀yin tí ẹ ní àwọn èèyàn lójú omi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ nọ́ńbà wọ̀nyí fún wọn, fóònù lè fi afẹ́fẹ́ ọ̀la hàn ní nọ́ọ̀tì, ẹni tó bá mọ ohun tí 20 jẹ́ á mọ ìgbà tó yẹ kó dúró sílé.

Ọ̀nà wo ló yá jù láti yí nọ́ọ̀tì sí kìlómítà?

Ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po méjì, kí ẹ yọ ìdá kan nínú mẹ́wàá kúrò. Nọ́ọ̀tì 20 di 40, ẹ yọ 4, ó ku 36. Iye tó jẹ́ gan-an ni 37 àti díẹ̀. Tó bá jẹ́ ìdánwò ni, ẹ fi 1.852 ìlọ́po ẹ̀.

Nọ́ọ̀tì mélòó làwọn ọkọ̀ tó lókìkí máa ń sá?

Cutty Sark, ọkọ̀ onígbòkun tí wọ́n kàn ní 1869, tó máa ń lọ kó tíì ní Ṣáínà, sáré dé nọ́ọ̀tì 17 àti ààbọ̀, afẹ́fẹ́ nìkan ló ń gbé e o. Titanic ń sá bíi nọ́ọ̀tì 22 nígbà tó lọ kọlu yìnyín ní 1912. Ọkọ̀ tí wọ́n ń pè ní United States sọdá Àtìláńtíìkì ní 1952, eré ẹ̀ lápapọ̀ lé ní nọ́ọ̀tì 35.

Ṣé wọ́n ṣì ń ju pákó sómi lóde òní?

Kò wọ́pọ̀ mọ́. Edward Massey ṣe ẹ̀rọ kan ní 1802 tó ní abẹ́ tó ń yí nínú omi bí ọkọ̀ ṣe ń fà á, tí á sì máa ka máìlì fúnra ẹ̀. Lẹ́yìn ẹ̀ ni oríṣiríṣi jáde, títí tó fi kan GPS. Àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ ọkọ̀ onígbòkun ṣì máa ń fi pákó àti okùn dánra wò.

Ṣé a lè ṣe é fúnra wa fún àwọn ọmọ?

Ó ṣeé ṣe dáadáa, èmi àwọn ọmọ kíláàsì mi máa ń ṣe é lórí pápá, kò gba owó. Ẹ ra okùn ní Ọjà Ọba, èyí tí wọ́n hun, ẹ má ra ti rọ́bà torí ó ń fà. Mítà 14.4 gùn jù fún pápá, torí náà a máa ń pín gbogbo ẹ̀ sí mẹ́rin: kókó kan ní mítà 3.6, àkókò sì di ìṣẹ́jú àáyá 7. Ìṣirò ò yí padà. Ẹ fi bíi mítà 2 sílẹ̀ níwájú láìta kókó sí i, kí ẹ so àkísà mọ́ ibẹ̀, láti ibi àkísà ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí í wọn 3.6.

Ọmọ kan á dúró gbọin-gbọin di orí okùn mú, òun ni pákó. Ọmọ kejì gbé ìyókù lọ́wọ́, á máa rìn lọ, á máa tú u sílẹ̀. Ẹlòmíràn á máa wo fóònù. Bí àkísà bá ṣe kúrò lọ́wọ́, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ kíkà, tó bá di ìṣẹ́jú àáyá 7 wọ́n á pariwo kó dúró. Ẹni tó bá ń rìn jẹ́jẹ́ á rí kókó méjì sí mẹ́ta, ẹni tó bá ń sáré á rí mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ariwo tó máa ń sọ nígbà yẹn pọ̀ gan-an, torí ọmọ tí nọ́ọ̀tì ò yé rí á bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé "nọ́ọ̀tì mẹ́ta ni mo ń rìn!" tí kò sì ní gbàgbé ẹ̀ mọ́.

Ohun kan ṣoṣo tó máa ń bà á jẹ́ ni omi. Okùn tó bá tutù máa ń sún, kókó ẹ̀ á sún mọ́ra, nọ́ńbà á sì lọ sókè. Àwọn atukọ̀ ayé àtijọ́ mọ èyí, wọ́n á rẹ okùn sómi kí wọ́n tó wọ̀n ọ́n tí wọ́n á ta kókó sí i, wọ́n á sì tún máa wọ̀n ọ́n láti ìgbà dé ìgbà nígbà ìrìn àjò. Ẹ̀yin náà, ẹ kọ́kọ́ rẹ ẹ́ sómi mọ́jú, kí ẹ sá a díẹ̀, kí ẹ fà á le dáadáa kẹ́ ẹ tó fi téèpù wọ̀n ọ́n. Tí òjò bá pa á lórí pápá, ẹ tún un wọ̀n kẹ́ ẹ tó lò ó lẹ́ẹ̀kejì.